Wọ́n ní mo ń fi Kérésì du ìyá mi

Inú ń bí mi gan-an.

Àtọ̀gbẹ ń ṣe Mọ́mì mi. Lónìí, nínú ooru Kérésì yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Big Mọ́mì, gbé ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wá sí ulé wa ní Ayégbajú. Mọ́mì ṣí ìgò kan. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Oṣù mẹ́ta péré ní yunifásítì, o ti di dókítà! Ṣé májèlé ni mo gbé wá?"

"Ẹ má bínú, Big Mọ́mì. Mọ́mì ò gbọdọ̀ mu ún ni."

Big Mọ́mì gbé gbogbo ẹ̀ padà, àdúgbò ń wò. Mọ́mì ní mo dójú ti àwọn.

Nígbà tí Mọ́mì dákú lóṣù tó kọjá, ta nínú ẹbí ló wá sí ọsibítù?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n máa wo Mọ́mì níran bí wọ́n ṣe ń mu ún ni? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.