Kásẹ́ẹ̀tì Ìkẹyìn Èbúté Ìràwọ̀

Bí ẹ bá dé Jankara tí ẹ ní Mùsílíù aláǹkárá lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín bọ̀ọ̀. Ẹ ní Kápútéènì, kíá ni wọ́n á mú yín débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Kápútéènì yìí kò tukọ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á débi pé, bó bá fẹ́ lọ sí Àpápá, orí afárá ló máa ń gbà, bó ti wù kí ọ̀nà náà dí tó. Tẹlifíṣọ̀n ló fi í joyè.

Ètò kan ni wọ́n máa ń fi hàn nígbà tó wà lọ́mọdé, tí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ ní Èbúté Ìràwọ̀ nítorí pé orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn jù fún ẹnu wọn. Ayé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti jóná, àwọn méje péré ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ kan lójú sánmà, wọ́n ń ti ìràwọ̀ kan dé òmíràn, wọ́n ń wá èbúté tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, Kápútéènì Mórà. Ká má purọ́, àwọn tó ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, gbogbo ògiri á máa gbọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wọn kò sì ju korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n fi gílóòbù iná méjì ṣe ojú fún. Mùsílíù rí gbogbo rẹ̀, kò tu irun kan lára rẹ̀. Títí di òní, oníbàárà tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á gbọ́ ìtàn Mórà kó tó gbọ́ iye tí àǹkárá jẹ́. Mariyah ni àáfà sọ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n Mórà ni òun ń pè é nínú ilé.

Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wọn nígbà náà. Alhaji Jíbrílù, bàbá rẹ̀, ní òun kò ní fowó òun ra ṣàìtánì wá sí pálọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, bí ilé kéú bá ti tú, Mùsílíù á gba àárín agboolé já sí Olówógbowó, nílé Màmá Winifred. Ọmọ Sàró ni Màmá. Á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ Mùsílíù wò kó tó jẹ́ kó tẹ kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà lá wá ká léèsì funfun tó fi bo tẹlifíṣọ̀n. Mùsílíù àti Jeremy, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, á jókòó sílẹ̀, èjìká sí èjìká. Màmá ní òun kì í wo ìranù, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ kì í rìn mọ́ bí ọkọ̀ Mórà bá ti gbéra.

Papa Frederick, bàbá Jeremy, ra ẹ̀rọ fídíò kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù, ó sì ń gba ètò náà sí kásẹ́ẹ̀tì fún wọn. Lọ́jọ́ tí ètò náà parí, ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Mùsílíù ní Mórà sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn. Jeremy ní irọ́ ni, ó já àwọn yòókù sílẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ yíjú ọkọ̀ padà lọ wá àwọn tó sọnù. Kí wọ́n tó rí i tún wò, ẹ̀rọ Papa dákú, kò sì jí mọ́.

Nígbà tí Jeremy ń lọ sí London, ó kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún Mùsílíù nínú àpótí irin kan. Èyí tó kẹ́yìn ló tò sókè pátápátá.

"Mùsí, tọ́jú ẹ̀ fún mi. Tí mo bá dé, àwa méjèèjì la jọ máa wò ó, a ó wá mọ ẹni tó jàre. Ṣó o rí ike pélébé ẹ̀yìn ẹ̀ yìí? Ṣẹ́ ẹ. Tó o bá ti ṣẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa lè gba nǹkan míì lé e lórí mọ́."

Mùsílíù gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ ẹ. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ sí èèyàn lọ́wọ́, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbé e wá ló gbọ́dọ̀ rí nígbà tí wọ́n bá wá gbà á. Alhaji Jíbrílù ti fi ìyẹn sí i létí tipẹ́tipẹ́. Báwo ni yóò ṣe wá máa ṣẹ́ nǹkan lára ohun olóhun? Ó ti àpótí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ike pélébé wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láìyingin, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

Alhaji kú lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ fídáù, Sunday ni, wọ́n ta kánápì sójú títì, àáfà pọ̀ bí eéṣú. Àbúdù onífídíò ya ọ̀rọ̀ àáfà kìíní, ó ya ti ìkejì, ó wá ní kásẹ́ẹ̀tì òun ti tán, bẹ́ẹ̀ lẹ́mọ́ọ̀mù àgbà kò tíì sọ̀rọ̀ rárá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣí ní gbogbo Èkó. Àdíját, ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, nawọ́ sí i láàárín ẹbí.

"Ìwọ tí kásẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ! Àbí fíìmù òyìnbó ti ju bàbá tó bí ẹ lọ ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó sáré wọlé, ó ṣí àpótí, ó mú èyí tó wà lókè, ó gbé e fún Àbúdù. Lẹ́mọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yáásíìn, ìgbà yẹn ni Mùsílíù ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìkẹyìn Èbúté Ìràwọ̀ ló wà lókè. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá fídáù bàbá rẹ̀ dúró nítorí Mórà? Ó jókòó, ó ń ṣe àmín.

Kò sẹ́ni tó wo kásẹ́ẹ̀tì fídáù náà rí. Ìyá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ fojú rí ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ kò sì sí nílé. Mùsílíù dá a padà sínú àpótí. Nígbàkígbà tí Jeremy bá pè láti London, tí wọ́n bá tún ń bá ara wọn jà lórí Mórà, ó máa ń ní òun á sọ fún un lọ́jọ́ mìíràn.

Èṣí ni Jeremy pè, tó ń pariwo bí ọmọdé.

"Mùsí! Wọ́n ń wá a káàkiri ayé! Àwa tá a fẹ́ràn Èbúté Ìràwọ̀ pọ̀ lórí intanẹ́ẹ̀tì o. A ti rí gbogbo ẹ̀, àfi èyí tó kẹ́yìn. Àwọn tó ṣe é gan-an ti gba eré bọ́ọ̀lù kan lé e lórí. Àwọn òmùgọ̀! Irú èèyàn wo ló máa ń gba nǹkan lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí? Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó wà n'Ísàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣì wà, àbí?"

Ọ̀nà ìjẹ́wọ́ là sílẹ̀ gbayawu níwájú Mùsílíù. Ṣùgbọ́n "òmùgọ̀" yẹn ti dí i lẹ́nu.

"Ó wà," ló sọ.

Ẹyin lohùn. Jeremy ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Mùsílíù rò pé kò séwu, níwọ̀n bí kò ti sí ẹ̀rọ tó lè fi kásẹ́ẹ̀tì hàn mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Ó ku ọ̀la kí Jeremy wọlé ló tún pè, ó ní òun ti rí ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ kan rà, ó wà nínú báàgì òun.

Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, Mùsílíù mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá fi í sínú ẹ̀rọ, lẹ́mọ́ọ̀mù ló máa jáde dípò Mórà, aṣírí á tú. Bí kò bá sí kásẹ́ẹ̀tì, òun á ní omi òjò ló bà á jẹ́. Ta ló máa pe omi lẹ́jọ́? Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Ó mọ̀ pé fídáù bàbá òun ló ń jóná yẹn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaji, ó ní ẹni tí kò fẹ́ tẹlifíṣọ̀n rí nígbà ayé rẹ̀ kò ní bínú jù.

Basheerah, ìyàwó rẹ̀, yọjú láti kíṣìnnì.

"Bàbá Mariyah, kí lẹ ń jó tó ń rùn bíi táyà báyìí?"

"Ìdọ̀tí ni."

Jeremy dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú irun funfun àti báàgì ńlá. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí Mùsílíù tó jókòó dáadáa ló ti sọ ọ̀rọ̀ omi òjò. Jeremy mi orí.

"Kò burú. Omi Èkó kò mọ Mórà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ẹ̀rọ náà jáde nínú báàgì. "Mùsí, kì í ṣe Mórà nìkan ni mo torí ẹ̀ gbé eléyìí wá. Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tí Màmá mi kú, kò sí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, mi ò lè wálé wá sin wọ́n. Fọ́tò wọn wà. Ohùn wọn ló ti lọ lórí mi. Mo máa ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ, kì í wá. Àwọn ló sọ fún mi lórí fóònù nígbà yẹn pé àwọn lọ síbi fídáù Bàbá yín, pé onífídíò dojú ẹ̀rọ kọ àwọn títí nígbà tí lẹ́mọ́ọ̀mù ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, 'Jerry, tó o bá dé, ní kí Mùsí fi mí hàn ẹ́.' Kásẹ́ẹ̀tì fídáù yẹn ńkọ́?"

Mùsílíù wá rántí Màmá Winifred lójú ẹsẹ̀: ó fi ìborùn funfun bo orí, ó jókòó ní iwájú láàárín àwọn ìyáálé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá, àmín rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wọn lọ. Obìnrin tó ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti wà nínú àpótí yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí wá, òun kò sì rò ó rí, ìtìjú ara rẹ̀ nìkan ló ń rò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tirẹ̀ dé, ó jókòó sí i láyà.

"Kásẹ́ẹ̀tì fídáù Bàbá?" Basheerah, tó jókòó tì wọ́n, ti dìde. "Ó wà ńbẹ̀! Mo rí i nínú àpótí irin nígbà tí mo ń gbálẹ̀ ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n kọ 'Fídáù' sí i lára. Bọ̀dá Jeremy, ẹ máa so wáyà yín, mò ń gbé e bọ̀."

Jeremy kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá ojú ihò wáyà, ó ń kọrin lẹ́nu. Mùsílíù gbọ́ bí ìdérí àpótí ṣe ṣí nínú yàrá. Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kó kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Basheerah jáde lọ́wọ́ òfo, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Mariyah," ó rọra ní, "ohun tó ń rùn bíi táyà lánàá ńkọ́?"

Jeremy bojú wẹ̀yìn, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Òun ni," Mùsílíù ní. "Jeremy, yọ wáyà yẹn."