Kásẹ́ẹ̀tì Bọ́lárìnwá Tí Mo Pa Rẹ́

Àbúrò mi ni Bọ́lárìnwá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra ọmọ ọlọ́mọ. Ṣọ́ọ̀bù kan la jọ ń lò ní Sábó, ní Yábàá, ní nǹkan bí ọdún 1992. Èmi ń ta kásẹ́ẹ̀tì níwájú, òun ń bá oníbàárà dọ́ọ̀bù orin láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn lẹ́yìn.

Fújì ń tà, jùjú ń tà, wáàsí ń tà. Àmọ́ ohun tí Bọ́lárìnwá fẹ́ràn kò sí lórí káńtà wa rárá. Á gbé rékọ́dà kọ́ èjìká lọ sí Ọ̀yìngbò, á lọ ká ìró ọkọ̀ ojú irin. Á dúró ti ẹ̀rọ ìlọta bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Á ká òjò orí páànù. Tó bá dé, á fi bíléèdì gé téèpù wẹ́wẹ́, á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, títí ọkọ̀ ojú irin á fi máa dá ẹ̀rọ ata lóhùn.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni mo máa ń bi í. "Ta ló fẹ́ fowó ra ariwo tó ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Á kàn rẹ́rìn-ín. Bàbá wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ títí tó fi kú, kò yin ẹnikẹ́ni nínú wa lójú rí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan. Máàkẹ́tà mẹ́rin, àwọn tó ń tẹ orin jáde fún títà, gbọ́ ọ, wọ́n ní orin dà, ìlù dà, ta ló ń kì níbẹ̀? Ìkarùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ní Ìlúpéjú, ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tó bá wu òun, òun á tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹni tó ń dọ́ọ̀bù fún gbogbo Yábàá kọ̀, kò dọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ní ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀!

Ní Sátidé, ó lọ sọ́dọ̀ onírédíò tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Saidat, onídìrí tó wà níwájú wa, sáré wọlé, ó ní kí n bá òun dọ́ọ̀bù wáàsí kan kíákíá. Mi ò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Mo rí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára. Wọ́n ti ṣẹ́ ike kékeré orí rẹ̀, èyí téèyàn máa ń ṣẹ́ kí wọ́n má baà ká nǹkan mìíràn lé e. Ta ni ò mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí ìyẹn? Mo ká bébà, mo fi dí ihò náà, mo tẹ̀ ẹ́, èmi àti Saidat wá jókòó ti ọ̀rọ̀.

Bọ́lárìnwá wọlé, ó wo ẹ̀rọ. "Àǹtí mi, kásẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn."

Mo gbé! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ.

Ó yí i padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Wáàsí kankan ò sí níbẹ̀. Ó ti yọ wáyà tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ lọ fún onírédíò kó bá a jó ibi tó ti já pọ̀, máìkì inú ẹ̀rọ ló wá ń ká ọ̀rọ̀ wa. A gbọ́ Saidat: "Àǹtí, àbúrò yín tó ń ká ariwo kiri yìí, ṣé kì í ṣe pé ó ti ń ya wèrè?" A gbọ́ èmi náà: "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Irú etí tí ọmọ yẹn ní, kò sí i l'Ékòó yìí. Òjò tó ká yẹn, ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún. Àfi bíi pé mo wà nílé wa n'Íléṣà. Má jẹ́ kó gbọ́ o."

Ojú tì mí pa. Mo ní kó gé ibẹ̀ kúrò, kó wá nǹkan mìíràn dí i kí Mọ́ńdè tó pé. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní Mọ́ńdè, mi ò lè jẹun títí tó fi dé láti Ìlúpéjú. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀.

"Ó gbà á?"

"Kò gbà á. Ó ní kí n fi ìlù sí i, kí n sì yọ obìnrin tó ń pariwo yẹn, ìgbà náà lòun á tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò yọ ọ́. Ó ní ta ni? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó jókòó. "Màá máa dọ́ọ̀bù ẹ̀ fúnra mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Omi bọ́ lójú mi. "Bọ́lárìnwá, iṣẹ́ yìí dára. Ó dára gan-an."

"Àǹtí mi, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n gbé rékọ́dà, kí ẹ tún un sọ."

Mo ju sálúbàtà lù ú. Lẹ́yìn náà, mo tún un sọ.