Ìwé Ìbò Márùn-ún Tí Mo Gbé Lọ sí Milton

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni Ẹ̀gbọ́n Bádé fi ọkọ̀ wọn dúró síwájú ilé wa ní Pickering, nílùú òyìnbó níbí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo ti kírun Súbúhì tán, mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn, mo sì ti yẹ àpò àyà mi wò bí ìgbà mẹ́rin. Ìwé ìbò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìkarùn-ún ń dúró dè wá ní Downsview. N kò ní í parọ́ fún yín, ẹ̀yin ará ilé: ẹ̀rù ń bà mí. Ìtòsí ilé wa níbí ni ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì wà, mo sì ń sùn dáadáa. Ìpàdé tí mò ń lọ ṣe yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Kì í ṣe irú tiwa o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia ni, fúútì ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù náà gùn bí ìbẹ́pẹ, òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fi ọwọ́ hán an, wọ́n sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a fún ara wọn. Tó bá gba àárín òpó méjì tó ga jù kọjá, àmì mẹ́fà nìyẹn. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́, àmì kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń wò ó, n kò sì tíì mọ ìdí tí rẹfirí fi ń fọn fèrè.

Ràfíà ọmọ mi ló fà mí débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí a kó o kúrò n'Ìbàdàn wá síbí. Odindi ọdún kan ni kò fi la ẹnu rẹ̀ níléèwé. Tíṣà pè wá, dókítà pè wá, wọ́n ní ká máa fún un láyè. Ní Sátidé ọjọ́ kan, ó lọ dúró létí pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọbìnrin kan sì pè é pé kó wá bá àwọn ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń gé àlùbọ́sà nínú kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tó ń pariwo pé kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fóun. Ohùn ọmọ mi ni. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa kò ní èèyàn mọ́. Méjìdínlógún ló yẹ kó wà lápá kan nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, àwa kì í rí ju mẹ́sàn-án lọ. Ti àwọn ará Milton kò sàn ju tiwa lọ. Ni lẹ́tà bá dé pé kí ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan, kí pápá sì wà ní Milton, tó jìn sí wa ní ìrìn wákàtí kan, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé; àwa òbí àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù la máa dìbò lé e lórí nípàdé. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ọjọ́ Sátidé ni àwọn oníbàárà mi máa ń wà nílé. Ìyàwó mi wà ní shift níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í lọ sí Milton lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni. Bí pápá bá kúrò lẹ́yìn ilé wa, ọmọ mi á jókòó sílé. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ó lè padà sínú ìdákẹ́jẹ́ tó ti jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá àwọn tó ní shift lọ́jọ́ ìpàdé pé kí wọ́n fọwọ́ síwèé pé àwọn kò gbà, kí èmi bá wọn gbé e lọ. Òfin rẹ̀ kò le: kí ìwé náà dé orí tábìlì akọ̀wé kí wọ́n tó lu agogo ní aago mẹ́sàn-án. Ó wà nínú lẹ́tà. Mo kà á.

Òjò dídì àkọ́kọ́ lọ́dún náà ni ó bọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì tíì fi winter tyres sí ọkọ̀ tèmi, ìyẹn táyà tí kì í yọ̀ lórí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n Bádé ti ṣe tiwọn láti Ọjọ́bọ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, oníṣirò owó ni wọ́n, díákónì sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì dọ̀kan ní tiwọn, síbẹ̀ wọ́n gbé mi. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

"Gàní, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, ṣé ẹgbẹ́ nìyẹn?" ni wọ́n wí bí a ṣe wọ ọ̀nà 401. "Tí a kò bá dàpọ̀ lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní í sí Pickering, kò ní í sí Milton."

Mo ní ọmọ tiwọn ti wọ yunifásítì, ìyẹn ló ṣe rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti yájú sí àgbà, mo sì tọrọ àforíjì.

Ọ̀nà 401 yìí, ẹ gbàgbé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Níbòmíràn, ọkọ̀ mẹ́jọ lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí gbogbo wọn sì máa lọ síbì kan náà. Àwọn tírélà ń ta omi yìnyín sójú gíláàsì wa, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò ríran dà bí wákàtí lójú mi. Nílé, bí ẹ̀rù bá ba awakọ̀, yóò tẹ fèrè. Níbí, kò sẹ́ni tó tẹ fèrè, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìpayà mi. Ní Scarborough a rí ọkọ̀ kan tó ti kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀, tí ìyá kan sì jókòó sínú rẹ̀ tó di ìdarí ọkọ̀ mú gbágbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àyátúlì Kúrísíyù, ẹsẹ Kùránì tí a fi ń wá ààbò. Ẹ̀gbọ́n Bádé ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì wúyẹ́wúyẹ́.

Ní Downsview, a yà lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ subway, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Kúdírà ń dúró dè wá níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn obìnrin wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ni, yìnyín wà lórí híjáàbù rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá wé ìwé ìbò rẹ̀ kó má baà rin. "Brother, ọwọ́ yín ló wà o," ló wí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. A ra kọfí níbẹ̀, dọ́là méjì lé díẹ̀ ni ife kan, kò ní adùn kankan ṣùgbọ́n ó mú ọwọ́ mi gbóná.

Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú la dé Milton. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra wọn débi pé bí mo bá ń gbébẹ̀, ilé onílé ni n bá máa wọ̀. Tábìlì akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Jẹ́nì akọ̀wé jókòó síbẹ̀, agogo kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ìgbà náà ni mo rí Kóòṣì Kẹ́ǹ.

Kẹ́ǹ ni àgbàlagbà ará Australia tó kọ́ Ràfíà bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù náà, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó kó lọ sí Milton. Ìyàwó náà, Ṣẹ́rílì, ló máa ń gé ọsàn fún àwọn ọmọ wa. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí i. Mo béèrè ìyàwó rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kejìlá rèé tí wọ́n sin ín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í gbọ́ irú èyí ká sọ gbólóhùn kan ká kọjá. Àwọn tó ń wọlé ń fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n ń lọ jókòó, wọn kò sì ṣe ohun tó burú nínú àṣà tiwọn. Èmi fa àga. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti ní kó lọ tan iná yàrá, tí ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbọ́ agogo o. N kò ní í sọ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń sunkún wà lọ́wọ́ mi, mo sì sọ lọ́kàn mi pé n ó bẹ Jẹ́nì, ṣebí èèyàn ni.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé, mo tún fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ̀rù sì ba ọmọbìnrin náà, ó dìde kúrò lórí àga. Ó ní ó dun òun gan-an, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti mú ìwé wá lẹ́yìn agogo, òun ti dá a padà, ó di dandan kí òun dá tèmi náà padà. Nílé wa, bí a bá bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ẹni tó wà nídìí tábìlì á wá nǹkan ṣe sí i. Ìyẹn ni mo gbára lé. Mo dá ìwé márààrún padà sínú àpò mi.

Wọ́n jiyàn fún wákàtí kan gbáko. Bàbá kan láti ọ̀dọ̀ tiwa ní òun kò lè wọ ẹ̀wù pupa ti Milton láé, aláwọ̀ ewé tiwa ni wọ́n fi bo pósí ẹ̀gbọ́n òun. Obìnrin kan láti Milton ní kí ni ẹ̀wù máa wúlò fún bí kò bá sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Wọ́n jà lórí orúkọ, wọ́n jà lórí orin ẹgbẹ́, ẹnì kan binú jáde, ó tún padà nítorí òtútù. Èmi náà dìde, mo sọ ti Ràfíà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n dìbò: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní àwọn gbà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní àwọn kò gbà. Ẹ ro ó fúnra yín. Márùn-ún wà nínú àpò mi.

Nígbà tí à ń padà, òjò dídì ti dá, wọ́n ti da iyọ̀ sójú ọ̀nà, ọkọ̀ kò sì yọ̀ mọ́. Ìpayà tèmi kò lọ. Ẹ̀gbọ́n Bádé kò yọ̀ mí rárá. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé Pickering, wọ́n ní: "N kò fẹ́ borí báyìí, Gàní." Mo tẹ Kúdírà láago, mo sọ fún un. Ó ní kí n kí wọn nílé.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: bí ẹ bá dé ìlú yìí, ẹ kọ́kọ́ kí tábìlì kí ẹ tó kí èèyàn. Mò ń kọ ọ́ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kò dá mi lójú pé n ó lè ṣe é bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ràfíà ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí àtẹ̀gùn, n kò fi ìkankan pamọ́, agogo pàápàá mo sọ ọ́. Ó fèsì lédè Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń ṣe. Ó bi mí bóyá Kóòṣì Kẹ́ǹ sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò sí bí mo ṣe máa dìde nígbà náà.

Ó jókòó tì mí. Ó wá bi mí ta ni yóò máa gbé òun lọ sí Milton lọ́jọ́ Sátidé. Mo wo bàtà mi tí yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀. Ó dúró de èsì mi díẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà dákẹ́.