Aṣọ Funfun Ọmọ Bonapriso

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró síìpù lẹ́yìn aṣọ tuntun, ẹ̀yìn mi á tutù.

Nkololoun, àdúgbò kan ní Douala ní Cameroon, ni à ń gbé nígbà tí nǹkan le gan-an, tí iṣẹ́ aṣọ rírán ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún Bàbá mi mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan gbé kámẹ́rà wá, ó ní òun ń ṣe fíìmù nípa àwọn ọmọ Douala. Màmá wẹ̀ mí, ó fi òrí pa mí lára, ó sì wọ aṣọ oníbàárà fún mi: aṣọ funfun tó ní léèsì lọ́rùn, tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán fún ọmọ kan ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó.

"Má làágùn sí i o."

Òyìnbó náà wò mí, ó sọ Faransé fún Bàbá.

"Ó ní kó wọ èyí tó ń wọ̀ lójoojúmọ́," Bàbá wí.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bàbá Síkírá, ta ló ń fi aṣọ ilé ya fọ́tò? Ṣé a ò nítìjú ni?"

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa síìpù náà sílẹ̀. Mo wọ kaba mi tó ya léjìká, mo dúró níwájú ojú gíláàsì kámẹ́rà tí kì í ṣẹ́. Òyìnbó mirí, inú rẹ̀ dùn, ó ní Bonapriso ló kàn lọ́la.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé nítorí fíìmù yẹn kan náà ni àwọn òbí ọmọ Bonapriso yẹn ṣe ní kí Bàbá rán aṣọ funfun náà.

"Ẹ bá mi bi òyìnbó yìí," Màmá wí jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, "bóyá ó máa ní kí àwọn ọmọ ọ̀hún náà lọ wọ aṣọ yíya."

Bàbá ò bi í.