Ẹ̀rọ Tí Abíọ́nà Pọ̀n Lọ sí Èrúwà

Kò sí ẹni tó ń yẹ ẹ̀yìn ìyá ọmọ wò. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà a tú àpò, wọn a gbọn agbádá, wọn a ní kí géńdé ọkùnrin ṣí fìlà, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti gbá ọ̀já mọ́ nǹkan lẹ́yìn báyìí, “Ẹ kú ọmọ o” ni wọn yóò kí i, wọn yóò sì yà fún un. Ohun tí Abíọ́nà rò nìyẹn, tó fi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pọ̀n láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ kọrin. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń pa yín. Ó pa èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ìdófin, àdúgbò kan ní Ìgbó-Ọrà, ni Abíọ́nà ń gbé, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá sì mọ Ìgbó-Ọrà mọ irú aṣọ tí télọ̀ ibẹ̀ ń rán: méjì méjì ni. Bó bá gé bùbá ọmọdé kan tán, á tún gé irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún èkejì, nítorí ilé wo ni Táyé àti Kẹ́hìndé ò sí? Ilé tirẹ̀ nìkan ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, irun ọmọ náà sì ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Dàda.

Akínladé, bàbá Dàda, jẹ́ tíṣà àti olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ kí ọmọ òun di tíṣà bíi tòun. Ìwé ni wọ́n rán Dàda lọ kà ní Ìbàdàn, gìtá ló lọ gbé kọ́rùn. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń ta gìtá oníná, orin tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì, tí ilẹ̀ máa ń mì tìtì bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn ò sì ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ó dá irun rẹ̀ sí, ó wọ́ dé èjìká. Bàbá rẹ̀ ní kó má tẹ ilé òun mọ́. Nígbà tí bàbá kú, wọn ò tètè rí Dàda sọ fún. Wọ́n ti sin òkú tán kó tó dé.

Àwọn ẹbí Akínladé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ìrònú rẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀, kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Abíọ́nà wà lórí ẹní opó nínú yàrá, ó ń wò ó láti ojú ilẹ̀kùn. Dàda náà ń wò ó. Ó dúró kí ìyá òun sọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ta ni opó, tó fi máa gbé ohùn sókè láàárín ẹbí ọkọ? Abíọ́nà tẹrí ba. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, ọmọ ti lọ. Kò wálé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí obìnrin yìí ṣe di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún èrò, òun nìkan ní yàrá, ayálégbé kan ní yàrá iwájú. Á se ọbẹ̀, á jẹ ẹ́ lónìí, á gbé e kaná lọ́la, á tún gbé e kaná lọ́tùn-únla, ọbẹ̀ ò ní tán. Àwọn oníbàárà a máa pọ̀ nídìí máṣìnnì rẹ̀ lọ́sàn-án, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a kó ìbejì wọn lọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Wọlé ni orúkọ ayálégbé náà, tíṣà ọmọ Ìjẹ̀bú tí orin ti gba orí rẹ̀. Òun ló sọ fún un, ní ọdún kejì tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, pé ẹgbẹ́ Dàda ń bọ̀ wá ṣeré ní Èrúwà lọ́sàn-án Sátidé, àti pé wọ́n fẹ́ wọ bàálù lọ sí òkè òkun lẹ́yìn rẹ̀.

“Bí wọ́n bá lọ, wọn ò ní tètè padà dé o, Màmá Dàda,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ kí ẹ rí i.”

“Bó bá wá yí ojú kúrò lára mi níwájú èrò ńkọ́? Rárá o. Ojú ò ní tì mí níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Kí n ṣáà ní i nílé. Ìwọ tí o ní rẹkọ́dà, o ò lè bá mi gbà á?”

Wọlé mi orí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ pamọ́ sábẹ́ agbádá tipẹ́ láti gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì níbi eré. Ṣùgbọ́n máníjà ẹgbẹ́ náà kórìíra wọn bí ìgbẹ́, nítorí àwọn kan ń ta kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fún èrò. Wọ́n ti mú Wọlé rí ní Ìbàdàn, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Abíọ́nà wo rẹkọ́dà tuntun tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó fojú wọ̀n ọ́n, ó ní, “Èyí ò ga ju ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí lọ. Wá fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí.”

Bó ṣe wọ mọ́tò nìyẹn, tó gba Lánlátẹ̀ kọjá, tó dé Èrúwà, tòun ti ìró, ọ̀já àti aṣọ funfun tó fi bo “orí ọmọ” nítorí oòrùn. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré, ọkùnrin tó ń tú èrò lápò bi í léèrè ibi tó ti wá. Ó ní Ìgbó-Ọrà.

“Ìgbó-Ọrà kẹ̀? Èkejì ẹ̀ ńkọ́?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

“Ó wà nílé,” ni Abíọ́nà dáhùn. Ó wọlé.

Ó dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó tẹ ibi tí Wọlé ní kó tẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn onígìtá bẹ̀rẹ̀, Dàda sì jáde. Ó ti gùn sí i, ó ti rù. Bó ṣe la ẹnu báyìí, inú ìyá rẹ̀ yọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún nù. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ orin náà. Ohùn yẹn ṣáà ni, ohùn tó máa ń ké “Màámi” láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀rọ náà ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: nǹkan tó bá wà lẹ́yìn tó gbóná, tó sì wúwo, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ á lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a pẹ́pẹ́ ní ìdí, ó ń mi ara sọ́tùn-ún sósì. Ó ti gbàgbé pé irin àti bátìrì ni.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hàlímọ̀ dúró nítòsí rẹ̀. Ó ti wo ẹ̀yìn Abíọ́nà títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn mà dákẹ́ jù,” ó pariwo sí i létí. “Irú ariwo yìí, kò ta pútú? Ṣé ó ń mí?”

“Ó ń sùn.”

“Nínú ariwo yìí? Ẹ jẹ́ n wo ojú ẹ̀.”

“Ọmọ-ọmọ mi ni. Bó ṣe máa ń sùn nìyẹn.”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́! Ẹ sọ ọ́ ká wò ó, aṣọ tẹ́ ẹ fi bò ó lè ti sé e léèémí!”

Ẹ má dá Hàlímọ̀ lẹ́bi o. Obìnrin rere ni, ẹ̀mí ọmọ ló ń rò. Ó na ọwọ́ sí ọ̀já, Abíọ́nà yẹ ẹ̀yìn, ó fara ti ògiri. Bí wọ́n bá tú u, wọn á fọ́ ọ, Dàda á sì rí i pé ìyá òun ni olè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì Dàda ki ohun tó pọ̀n, kí Hàlímọ̀ lè gbà pé èèyàn ni. Bí Hàlímọ̀ ṣe ń bẹ̀ ẹ́ létí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń rẹ “ọmọ” ẹ̀yìn rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá gìtá ń dún, kò mọ̀ bóyá ó dákẹ́. Níkẹyìn ọwọ́ Hàlímọ̀ kan ẹ̀rọ náà, ó le gbandi. Obìnrin náà fà sẹ́yìn. “Yéè! Kí lẹ pọ̀n?” Abíọ́nà ò dúró dáhùn. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó bọ́ síta, ó di ibùdókọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni pọ́, pọ́, pọ́. Ó rò pé ó ti bàjẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, tó ń gbá ọmọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni Dàda ti ń kọrin lókèèrè, bí ẹni tó wà nínú àgbá. Abíọ́nà kánjú bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Hàlímọ̀ dé, “ó mà dákẹ́ jù.” Gìtá sì dáwọ́ dúró.

Dàda ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí èrò fún òun láyè díẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń sọ pé orin tàwọn kì í ki èèyàn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ki ẹnì kan kóun tó lọ, torí Ìgbó-Ọrà ò jìnnà síbí. Ó wá ké, láìsí gìtá, láìsí ohunkóhun:

“Àníkẹ́! Abíọ́nà tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, tí kò ṣìnà! Àníkẹ́ tó ń rán méjì méjì fọ́mọ ọlọ́mọ, tó fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo ọlá! Màámi, bẹ́ ẹ bá wà níbí, ẹ jáde sí mi. Mi ò bínú mọ́.”

Ẹni tí wọ́n bá ki, dídìde ló ń dìde. Bí kò bá dìde, ó kọ̀ ni. Ọmọ ọdún méje mọ ìyẹn ní ilẹ̀ wa. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, wọ́n ń wo ẹ̀yìn, wọ́n ń wá ẹni tí yóò jáde. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, láàárín ẹ̀bẹ̀ Hàlímọ̀, ni ẹ̀rọ ti gbé ohùn Abíọ́nà fúnra rẹ̀ jáde, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó sún mọ́ tòsí: “Dákẹ́, Àdìgún. Dàda Àwúrú, dákẹ́. Ìyá rẹ wà níbí. Ìyá rẹ wà níbí.”

Dàda tún ké Àníkẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúró. Ó wá ní, “Ó dáa. Wọn ò wá.” Gìtá bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Wọlé ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó kan ilẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ó gbà á dáadáa. Abíọ́nà ní ó gbà á. Ó béèrè ìgbà tí bàálù máa gbéra. Wọlé ní àárọ̀ yìí ni wọ́n sọ, àfàìmọ̀ kó máà ti gbéra.

“Wọlé, ohun tó ti wọ inú kásẹ́ẹ̀tì yìí, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a lóhùn?”

“Kò sí, mà.”

Ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn padà. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn, ó tún ẹ̀rọ náà tẹ̀. Nígbà tí Dàda ké Àníkẹ́, Abíọ́nà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde sí àárín yàrá, ó dúró níbẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ọmọ rẹ̀ sì ní, “Ó dáa. Wọn ò wá.”