Oyin Tí Ọmọ Ọmọ Mi Kọ́kọ́ Lá

Nínú ìdílé wa ní Ìkirè, ìyá tó bí baba ọmọ ní í fi ìka tọ́ oyin sí ọmọ tuntun lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá ọkọ mi ṣe é fún gbogbo ọmọ tí mo bí. Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin mi ti gbéyàwó ni mo sì ti ń retí tèmi.

Àkọ́bí rẹ̀ dé, itọ́ tó ń hó bí ọṣẹ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun tó yẹ kó já sí àpòlúkù kò já síbẹ̀. Bó ṣe wáyé nìyẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ fà á. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ níkùn, pé ibẹ̀ ni yóò máa gbà jẹun títí yóò fi tó iṣẹ́ abẹ tí yóò so ọ̀nà náà pọ̀ í ṣe. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ètè àwọn òbí rẹ̀ ni mo fi oyin kàn.

Ìyá ìyàwó ọmọ mi, tó ti Àpòmù wá wẹ ọmọ, ni nọ́ọ̀sì kọ́ bí a ṣe ń da wàrà sí rọ́bà. Èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ tọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́n díẹ̀, bí ebi bá ń pa á, yóò ká ẹ̀wù ara rẹ̀ sókè, yóò tẹjú mọ́ obìnrin Àpòmù. Èmi á wà nítòsí bí àlejò, owú á máa jó mi láyà.

Ọmọ ti ń rìn kí iṣẹ́ abẹ náà tó yọrí sí rere. Dókítà ní kó máa fẹnu tọ́ nǹkan wò. Mo wọ òfì mi, mo gbé ògidì oyin tí mo rà ní Wásinmi dé. Ọmọ pa ètè pọ̀, ó gbá ìka mi dànù.

"Ìyá Ìkirè, ẹ má bínú sí i," ni obìnrin Àpòmù wí. "Kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe ni."

"Ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kẹ̀? Wàrà ni mò ń dà ní tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n lá a lójú ẹ̀ ná."

Ó ti ìka bọ oyin mi, ó lá a, ó ń ta ẹnu. Ọmọ wò ó títí, ó ti ìka tirẹ̀ bọ obìnrin náà lẹ́nu, ó yọ ọ́, ó sì lá ìka náà. Ó fajú ro díẹ̀. Ó tún lá a. Ó gbé e mì!

Ilé hó yèè. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún ayọ̀. Inú èmi náà dùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gba ìdákẹ́.

"Oyin mi ni o!"

"Tiyín ni, Ìyá Ìkirè. Ta ló ń bá yín du oyin?"

Kì í kúkú ṣe oyin ni mò ń du.