Káńtì Tí A Fẹ́ Kó Lọ

Àwòrán ilẹ̀ káńtì náà fẹ̀ ju tábìlì ilé ìdáná wa ní Wakefield, nínú ìlú New York, lọ, etí rẹ̀ sì máa ń kan àwo ọbẹ̀ ìyàwó mi. Ohun tí a ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀ nílé ni wọ́n ń pè ní káńtì níhìn-ín, èyí tí mo ń sọ yìí sì jìnnà réré sí wa, ní àríwá ìpínlẹ̀ New York. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó padà sí ilé ìwé. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni. Olùkọ́ ní kí oníkálukú mú káńtì kan, kó kọ nípa ilẹ̀ rẹ̀ àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo mọ òkè ibẹ̀, mo mọ adágún ibẹ̀, mo mọ iye èèyàn tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ mi nígbà náà á rò pé èmi ni mo tẹ ibẹ̀ dó. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ń pè mí ní tíṣà.

Lásìkò yẹn, èémí ìyàwó mi kò já gaara mọ́. Dókítà ní afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè ràn án lọ́wọ́. Mo ní kí a kó lọ sí káńtì mi.

“Káńtì yín? Ṣé èmi nìkan ni màá dúdú láàárín wọn ni, tíṣà?”

Mo ṣí ìwé ìkànìyàn fún un. Ní ìlú kan létí adágún, aláwọ̀ dúdú pọ̀ gan-an. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní òun á bi ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń wakọ̀ lọ sí káńtì náà lóṣooṣù. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀, bó ṣe sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n wo ìwé náà pẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fojú yín rí wọn?” ìyàwó mi béèrè.

“Mo máa ń rí wọn. Ẹ ò ní dá wà. Èmi náà á sì máa ríbi sùn tí mo bá wá wo ọmọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ìyàwó mi gbà.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ibẹ̀. Gbogbo ọjọ́ la fi rìn ín, ó sì rẹ ìyàwó mi púpọ̀. A rìn yí ìlú náà ká, a kò rí aláwọ̀ dúdú kan. Níbi tí a ti ra tíì, mo fi ìwé mi han obìnrin tó ń tà á. Ó nawọ́ sí òdìkejì adágún, sí ògiri gígùn kan tí wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sórí rẹ̀.

“Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n,” ó ní. “Ìjọba máa ń kà wọ́n mọ́ wa.”

Ìyàwó mi mu tíì rẹ̀ tán kó tó yíjú sí mi. “Yunifásítì wo ló wà ní káńtì yìí, tíṣà?”

Kò sí ọ̀kankan. Èmi tí mo mọ gbogbo odò ibẹ̀, mi ò béèrè rí.

Nígbà tí mo kojú ẹ̀gbọ́n, kò jiyàn. “Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dá lọ wo ọmọ mi lẹ́yìn ògiri yẹn,” ó ní. “Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí mo mọ̀ wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.” Kò bi mí léèrè bí ara ìyàwó mi ṣe rí.

Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, ìyàwó mi kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́ láì jókòó sinmi. Kò sọ pé ká wá ibòmíràn lọ, èmi náà kò sì nígboyà láti dábàá rẹ̀. Ó kú sí Wakefield kí òtútù tó tún dé.

Ẹ̀gbọ́n ṣì máa ń kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì máa ń dá a lóhùn. Inú mi kò tíì yọ́ sí i. Àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n bo ọmọ òun láṣìírí, mo sì gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ káńtì náà níbí.